Ṣíṣí Yìnyín Láìjẹ́ Kí Ó Yọ́: Ìtàn Yàrá Ìwádìí Afẹ́fẹ́ Àtijọ́ ní Bern àti Grenoble

Ìfáàrà

Ìtàn kan wà tí àwọn tí ń kọ̀wé nípa yìnyín ilẹ̀ òtútù fẹ́ràn láti máa sọ. Ní ọdún 1965, ní ilẹ̀ Adélie ní Antarctica, Claude Lorius, ọmọ ilẹ̀ Fáránsé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n ju ègé yìnyín àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ sínú ọtí wisikí. Bí yìnyín náà ti ń yọ́ ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tú jáde, tí ọtí sì ń hó. Bí Lorius ti ń wò ó, ó wá sí i lọ́kàn pé afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ ni ó ń jáde yìí, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó ní ohun tí yóò sọ. Lorius fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ ìtàn náà títí tí ó fi kú ní ọdún 2023, kò sì sí ìdí láti bá a jiyàn.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí. Ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú Lorius. Ní ọdún 1958 ni Per Scholander, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ara ẹ̀dá, kó ẹgbẹ́ kan lọ sí etí òkun Greenland. Willi Dansgaard, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n yọ́ ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù yìnyín tí ń léfòó lójú òkun, wọ́n gba gáàsì inú rẹ̀, wọ́n sì fi kábọ́n-14 díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1962, ọdún mẹ́ta ṣáájú ife ọtí Lorius.

Ọ̀ràn kejì ni ó wúwo jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ife náà gan-an ni àwọn yàrá ìwádìí fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ láti sá fún: yìnyín yọ́, omi sì kan afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ka ìtàn afẹ́fẹ́ àtijọ́ sí ìtàn àwọn tí ó gbẹ́ yìnyín, àwọn akíkanjú inú òtútù. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí tẹnu mọ́ ni pé gbígbẹ́ nìkan kò sọ afẹ́fẹ́ náà di ẹlẹ́rìí tí ilé ẹjọ́ lè gbà. Inú yàrá méjì, ọ̀kan ní Bern ní ilẹ̀ Swítsálándì, èkejì ní Grenoble ní ilẹ̀ Fáránsé, ni ó ti di ẹlẹ́rìí, nígbà tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ṣí yìnyín láìjẹ́ kí ó yọ́.

Ohun tí ó rọ̀ mọ́ iye náà

Kábọ́n dáyọ́ksáìdì ni gáàsì tí ènìyàn àti ẹranko ń mí síta, tí igi àti koríko ń gbà sára, tí èédú, epo rọ̀bì àti igi ìdáná sì ń tú sílẹ̀ bí wọ́n bá ń jóná. Ó dà bí aṣọ ìbora lára ayé, kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ tètè lọ. Ní ọdún 1938 Guy Callendar, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé èédú tí àwọn ilé iṣẹ́ ń sun ti ń fi kún gáàsì yìí, ayé sì ti ń gbóná sí i nítorí rẹ̀. Àwọn tí kò gbà á gbọ́ pọ̀ ju àwọn tí ó gbà á lọ. Ìgbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọn gáàsì náà lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958 ni iye tí ó ṣeé fọkàn tán tó wà: nǹkan bí 315 nínú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni ó ń gòkè.

Ṣùgbọ́n mélòó ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí fi èédú wa ẹ̀rọ? Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n. Ẹnìkan wọ̀n ọ́n láàrin ìgboro, ẹnìkan wọ̀n ọ́n nínú oko, ẹ̀rọ wọn kò sì jọra. Nítorí náà iye wọn kò bára mu. Láìsí iye ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé bí gáàsì náà ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ láti ayébáyé nìyẹn, ọmọ ènìyàn kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Inú yìnyín nìkan ni ẹ̀rí kù sí.

Ní Antarctica àti ní àárín Greenland, òjò dídì tí ó bá rọ̀ kì í yọ́. Ti ọdún yìí a bo ti èṣí mọ́lẹ̀, ìwúwo rẹ̀ a sì máa fún ti ìsàlẹ̀ pọ̀, títí tí àlàfo inú rẹ̀ yóò fi di ihò wẹ́wẹ́ tí ẹnu wọn ti pa dé. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní mítà 60 sí 100 sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú kílógíráàmù yìnyín kan kò ju nǹkan bí ìdámẹ́wàá lítà lọ, gáàsì tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì ni èémí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní irú gáàsì yìí nínú ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti afẹ́fẹ́ òde. Ìmí kan ṣoṣo tí ó bá rá pálá wọlé ti tó láti ba ẹ̀rí ẹgbẹ̀rún ọdún jẹ́.

Bern: iṣẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀

Yàrá ìwádìí Bern kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yìnyín. Hans Oeschger, tí a bí ní ọdún 1927, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Friedrich Houtermans ní ẹ̀ka Físíìsì ti Yunifásítì Bern. Iṣẹ́ tí ó gbájú mọ́ ni kíka ìtànṣán tí ó kéré jọjọ, irú èyí tí kábọ́n-14 ń tú sílẹ̀. Ìṣòro irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ìtànṣán tí ń ti òfuurufú bọ̀ pọ̀ ju èyí tí ènìyàn fẹ́ kà lọ. Oeschger ṣe ẹ̀rọ ìkaye kan tí ó lè mọ ìtànṣán àlejò yàtọ̀ sí ti onílé, tí kì í sì í ka ti àlejò mọ́ ọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún gbẹ́ yàrá sí abẹ́ ilẹ̀, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ògiri fún wọn. Láti ọdún 1963 ni Oeschger ti jẹ́ olórí ẹ̀ka tí ń fi físíìsì wádìí ojú ọjọ́ àti àyíká níbẹ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé apá yìí ni àwọn tí ń sọ ìtàn náà máa ń fò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìfura ni oògùn àgbà. Kí yìnyín kankan tó wọ Bern ni ìfura yìí ti di àṣà ibẹ̀: ohun gbogbo tí ó bá ti òde wọlé ni wọ́n kà sí afurasí títí tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ yàrá ní ayé ni ó lè ra pọ́ǹpù tí ń fa afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ra ẹni tí kò ní gba àbájáde rere gbọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Camp Century, ibùdó tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbẹ́ sínú yìnyín Greenland, ni ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ti kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yìnyín ní ọdún 1966, ní nǹkan bí mítà 1390. Oeschger bá Chester Langway, ọmọ Amẹ́ríkà, da iṣẹ́ pọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1967 àwọn méjèèjì pẹ̀lú Alder ṣàlàyé ẹ̀rọ tí a fi lè gba gáàsì yìnyín níbi tí yìnyín náà wà, láti fi kábọ́n-14 mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́ ọ. Fún irú iṣẹ́ yẹn, tí ó ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, yíyọ́ ni ó rọrùn jù.

Ọ̀ràn omi

Ìgbà tí ìbéèrè yí padà, tí wọn kò béèrè ọjọ́ orí afẹ́fẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń béèrè iye gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀, ni ọ̀nà kan náà di ìdẹkùn. Iye tí yíyọ́ ń mú jáde ga jù, kò sì dúró lójú kan.

Ìdí rẹ̀ rèé. Eruku tí ẹ̀fúùfù ń gbé láti ilẹ̀ gbígbẹ máa ń bọ́ sórí òjò dídì, kábọ́nétì sì wà nínú eruku náà, irú èyí tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín. Ásíìdì díẹ̀ wà nínú òjò dídì pẹ̀lú. Níwọ̀n ìgbà tí ohun gbogbo bá dì gbagidi, àwọn méjèèjì kò lè tètè fojú kanra. Bí yìnyín bá ti di omi, wọ́n pàdé, ohun tí ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ìkarahun ìgbín tí a lọ̀ kúnná ni yóò ṣẹlẹ̀: yóò hó. Ìhó yẹn ni kábọ́n dáyọ́ksáìdì, ọmọ tuntun tí a bí ní ọjọ́ yẹn nínú yàrá ìwádìí, tí kò rí ayé àtijọ́ rí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára àgbà. Omi náà tún máa ń gbé díẹ̀ mì nínú ti àtijọ́ pàápàá. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣìṣe méjì ni ó ń bá ara wọn jà nínú ìgò kan, ìyàtọ̀ láàrin wọn sì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ bí ẹni pé òtítọ́ ni.

Ní Grenoble, Louis Lliboutry ti dá yàrá ìwádìí nípa yìnyín sílẹ̀ láti ọdún 1958. Dominique Raynaud ń wọn àpapọ̀ afẹ́fẹ́ inú yìnyín níbẹ̀, láti fi mọ bí òkè yìnyín ti ga tó láyé ìgbà kan. Robert Delmas ní tirẹ̀ jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì tí ń wá ásíìdì inú òjò dídì, bóyá ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ mú omi bí afurasí ní gbangba. Ní ọdún 1980 òun, Ascencio àti Legrand tẹ àbájáde wọn jáde. Wọn kò yọ́ yìnyín. Wọ́n fọ́ ọ túútúú nínú òtútù, nínú ohun èlò tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ òde kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n lo yìnyín Dome C, ibi tí ẹgbẹ́ Lorius ti gbẹ́ dé mítà 905 ní àárín 1977 sí 1978. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méjì ọ̀rúndún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ nínú àríwá ayé, gáàsì yìí kò ju bí ìdajì iye ti ọdún 1980 lọ. Ní ọdún kan náà Berner, Oeschger àti Stauffer ní Bern tẹ ti wọn jáde, ó sì tọ́ka sí ibì kan náà. Àwọn yàrá méjèèjì kò fi ẹ̀rọ kan náà ṣiṣẹ́. Òun ni ó mú kí ìfohùnṣọ̀kan wọn ní ìtumọ̀.

Ọdún 1982 ni Zumbrunn, Neftel àti Oeschger ṣàpèjúwe ẹ̀rọ tuntun ti Bern. Ohun kékeré ni. Abẹ́rẹ́ irin ni ó wà nínú rẹ̀. Ègé yìnyín tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní òró, ní ìbú àti ní gíga ni wọ́n ń gbé sáàárín wọn. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ òde kúrò, abẹ́rẹ́ á sì gún yìnyín náà fọ́. Gáàsì tí ó jáde á gba ibi tí iná lésà kan tí ojú kò lè rí ń là kọjá. Bí kábọ́n dáyọ́ksáìdì inú rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni iná tí yóò gbé mì yóò ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti òkúta pa ẹ̀kùrọ́ rí mọ̀ pé agbára nìkan kọ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Irin tí ó ń gbo irin lè tú gáàsì tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti máa dán ẹ̀rọ wò pẹ̀lú yìnyín tí kò ní ihò rárá àti gáàsì tí wọ́n ti mọ iye rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń fi kún un láti ara rẹ̀.

Láti ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù Scholander sí gíráàmù kan, ọdún 24 ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣúnwó lásán. Ẹni tí ń lo tọ́ọ̀nù kò lè yan ibi tí kò sán lára yìnyín, kò sì lè tún un ṣe bí ó bá kọminú. Ẹni tí gíráàmù kan tó lè bi ọ̀pá yìnyín kan náà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Láàrin ọdún náà Neftel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú iṣẹ́ yìí tọ ipa gáàsì náà padà sẹ́yìn fún ọdún 40,000.

Ìgbì tí Greenland fi hàn

Bí ó bá jẹ́ pé ibí ni ìtàn parí sí, ìbá jẹ́ ìtàn ìṣẹ́gun. Ní ọdún 1984 ẹgbẹ́ Bern tẹ àbájáde mìíràn jáde láti ara ọ̀pá yìnyín Dye 3 ní Greenland. Àwọn ìyípadà òjijì wà nínú òtútù àti ooru ayé àtijọ́ tí yìnyín náà fi hàn, àwọn tí a mọ̀ lónìí pẹ̀lú orúkọ Dansgaard àti Oeschger pọ̀. Nínú ọ̀pá kan náà, iye kábọ́n dáyọ́ksáìdì ń bá ìyípadà wọ̀nyí fò sókè, ó ń bá wọn já wálẹ̀, nǹkan bí 50 nínú mílíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí gáàsì náà bá lè yí padà báyìí láàrin ọdún díẹ̀, òkun ayé gbọ́dọ̀ lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ayé kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń yí ká. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí gáàsì yìí ní àríwá gbọ́dọ̀ hàn ní gúúsù láìpẹ́. Nígbà tí Neftel àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ní Bern kan náà, wo ọ̀pá Byrd láti Antarctica, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1988, ìgbì yẹn kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú yìnyín méjèèjì ń purọ́. Ọdún 1993 ni Delmas ní Grenoble sọ ọ̀rọ̀ náà tán: eruku Greenland ní kábọ́nétì púpọ̀, ásíìdì sì ti ń bá a jà díẹ̀díẹ̀ nínú yìnyín fúnra rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ dé ibẹ̀. Fífọ́ yìnyín láìyọ́ ọ ti lé omi jáde kúrò nínú yàrá ìwádìí. Kò lè lé e kúrò nínú ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Greenland. Ní ọdún 1995 Anklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti Bern, fi ìwọ̀n tí ó fara mọ́ra gan-an jẹ́rìí pé iye Greenland kò ṣeé gbára lé.

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn náà, ó sì ya ènìyàn lẹ́nu pé àwọn ìwé kì í fún un ní ju ìlà kan lọ. Àbájáde tí ó gbayì jù tí yàrá kan ní ni yàrá náà fúnra rẹ̀ bá wọn wó lulẹ̀. Láti ìgbà náà, Antarctica tí eruku rẹ̀ kéré ni wọ́n ń lọ fún gáàsì yìí.

Ọjọ́ orí afẹ́fẹ́, àti àwọn tí kò gbà

Ọjọ́ orí yìnyín kì í ṣe ọjọ́ orí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Kí ẹnu ihò tó pa dé, afẹ́fẹ́ òde ṣì ń lọ ó ń bọ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ a máa kéré lọ́jọ́ orí sí yìnyín tí ó há a mọ́. Schwander àti Stauffer ṣe ìṣirò èyí ní ọdún 1984. Ní ibi tí òjò dídì ti ń rọ̀ dáadáa, ìyàtọ̀ náà lè má tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Vostok, tí ó gbẹ bí aṣálẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Pẹ̀lú àtúnṣe yìí ni Neftel, Moor, Oeschger àti Stauffer fi tẹ ìwọ̀n yìnyín Siple jáde ní ọdún 1985. Nǹkan bí 280 ni gáàsì náà ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ó sì lọ so kọ́ iye Keeling láìsí pé wọ́n já okùn náà níbì kan.

Zbigniew Jaworowski, ọmọ ilẹ̀ Póláńdì, kò gbà. Ní ọdún 1992 àti lẹ́yìn rẹ̀ ó jiyàn pé yìnyín kì í ṣe àpótí tí a tì pa, àti pé àtúnṣe ọjọ́ orí yẹn kàn jẹ́ ọ̀nà láti mú kí ìlà méjì pàdé tipátipá ni. Àtakò náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú ìbínú. Ìbéèrè tí yàrá ìwádìí ń bi ara rẹ̀ ni, tí a wá bi í láti ìta. Ìdáhùn tí ó lágbára jù wá láti Ọsirélíà ní ọdún 1996. Etheridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo Law Dome, níbi tí òjò dídì ti ń rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ láti inú òjò dídì tí ẹnu ihò rẹ̀ kò tíì pa dé, wọ́n gbé e ti ti inú yìnyín àti ti afẹ́fẹ́ òde tí ẹ̀rọ ti wọ̀n tààrà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bára mu.

Vostok àti lẹ́yìn rẹ̀

Ti Vostok lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì ni ó gbẹ́ ẹ, àwọn ọmọ Fáránsé ni ó wọ̀n ọ́n, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ni ó sì gbé Lorius dé ibẹ̀ ní ọdún 1984, nígbà tí àwọn alágbára ayé ń bára wọn ṣọ̀tá. Barnola, Raynaud, Korotkevich àti Lorius tẹ iye gáàsì náà jáde ní ọdún 1987, láti ọ̀pá tí ó gùn ní mítà 2083: ọdún 160,000, iye náà sì ń rìn láàrin nǹkan bí 190 àti 280, ó ń bá òtútù àti ooru lọ. Ní ọdún 1990 Chappellaz àti àwọn wọ̀nyí wọn mẹ́táànì inú yìnyín kan náà, wọ́n sì so ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn irà ilẹ̀ olóoru àti òjò tí ń bọ́ wọn. Irà ilẹ̀ Áfíríkà wà lára irú irà bẹ́ẹ̀. Ìtàn òjò wọn wà ní ìpamọ́ ní gúúsù ayé, nínú ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ sí.

Ní ọdún 2008 Lüthi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ti Dome C tuntun jáde, tí ó mú ìtàn náà dé ọdún 800,000 sẹ́yìn. Bern fi abẹ́rẹ́ àti lésà wọ̀n ọ́n. Grenoble fi bọ́ọ̀lù irin rún un, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń ya gáàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kà á. Iye tí ó kéré jù ni 172. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gáàsì náà kò kọjá nǹkan bí 300 rí. Ní Mauna Loa, ìwọ̀n àárín ti ọdún 2024 kọjá 420.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025 àwọn tí ń gbẹ́ ní Little Dome C dé mítà 2800, sínú yìnyín tí ó ti ju mílíọ̀nù ọdún kan lọ. Ní ìsàlẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni ó fún pọ̀ sínú mítà kan, gíráàmù kan pàápàá sì ti di ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ná. Bern ti ṣe ẹ̀rọ mìíràn dè é: wọn kò ní fọ́ yìnyín náà mọ́. Iná lésà ni yóò máa jẹ ẹ́ láti ojú rẹ̀ wọlé, tí yìnyín yóò fi di oruku omi lójú ẹsẹ̀ nínú òfìfo, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sì jáde láìjẹ́ pé ó kan ẹ̀kán omi kan.